Ọmọ Mi Sun Ẹkún Ìyàwó, Ojú Mi Gbẹ

Ọmọ-ọmọ mi kan wà ní Tápà tí mo ti gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbò-Ọrà sí Tápà kò jìnnà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ á ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà ọkàn ló jìn. Ìyá ọmọ náà, Bọ́sẹ̀, èmi ni mo bí i, ọmú àyà mi yìí ló mu dàgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í lónìí pé ṣé ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, á kọ́kọ́ wolẹ̀ ná. Kí ló fà á? Ẹkún ni. N kò sunkún lọ́jọ́ tó yẹ kí n sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń sun ẹkún ìyàwó, tí gbogbo ilé ń nu ojú, tí ìyá fúnra rẹ̀ wá ń rò ó lọ́kàn bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ àlejò tó? Èmi nìyẹn o! Títí di òní, bí mo bá rántí, á dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga ọjọ́ náà tó gbé ojú mi wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. N kò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé sì ni mo ń rán jù. Ọkọ mi, Bàbá Bọ́sẹ̀, àgbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn. Onígbàgbọ́ ni wá, n kì í sì í pa ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá jẹ àfi tí ara mi kò bá yá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo jẹ́ láti kékeré, ẹnu mi kò gba ariwo, ṣùgbọ́n ẹkún kò jìnnà sí mi rárá. Bí wọ́n bá dá orin tí mo fẹ́ràn, kí àwọn tó ń gbè é tó gbè é lẹ́ẹ̀kejì, omi á ti bọ́ lójú mi. Bí ẹnìkan bá jẹ́rìí pé Ọlọ́run dá òun lóhùn, èmi ni n óò kọ́kọ́ sunkún ayọ̀ bá a. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìjókòó: “Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé kí n lọ gbé korobá wá ni?” Bọ́sẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti rí i pé ojú mi pọ́n, ìyẹn náà á fi etí ìró mi nu ojú fún mi, á ní, “Màámi, ó ti tó o.”

Lẹ́yìn náà ni mo bí ọmọ kan tí kò dúró. Mo ti gbọ́ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti lọ kí àwọn ẹlòmíràn tó ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oorun sá fún mi. Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. N óò jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti àárọ̀, ẹsẹ̀ mi á wà lórí ibi tí a ń tẹ̀, n kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́. Ẹkún tó máa ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀wààrà òjò, kò nídìí, kò sì lópin. Àwọn kan ní kí n gbàgbé, pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò; àwọn kan gbààwẹ̀ fún mi; àwọn kan sì ní ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kì í sorí kọ́. Ohun tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà ni pé mo ti ń wo kànga ẹ̀yìn ilé wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ mi kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo ń bọ́ lọ́wọ́ òun lọ. Ó gbé mi lọ sí Erúwà, níbi tí dókítà kan ti máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Dókítà náà ní ìsoríkọ́ ni, pé àìsàn ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì fún mi ní oògùn oníhóró.

N kò ní pa oore mọ́lẹ̀ láé. Oògùn yẹn yọ mí kúrò lẹ́nu ikú. Kò ṣe é lóòjọ́, ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n mo padà sùn. Mo jẹun. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ẹkún náà dá bí ìgbà tí ẹnìkan ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fún mi ní àlàáfíà tó ju òye lọ, pé ọkàn mi balẹ̀ báyìí, ohunkóhun kì í dà á rú mọ́. Gbogbo ìjọ kí mi. Àwọn obìnrin dì mọ́ mi. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sunkún ayọ̀, mo sì ń rò ó pé ó dára, ó dára, bí ẹni tó ń wo òjò láti inú yàrá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí ògì ṣe ń rí bí a bá sẹ́ ẹ tán tí a gbé e sílẹ̀? Ó máa rọlẹ̀. Omi òkè á mọ́ gaara, èèyàn lè fi wo ojú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi rí. Gbogbo ohun tó jẹ́ ògì gan-an ti rọ sí ìsàlẹ̀, ó ti le, omidùn ló kù lókè, omidùn náà sì ni gbogbo ayé ń wò tí wọ́n ń sọ pé, “Ẹ ò rí i bó ṣe tòrò!” Ẹni tó máa ń fún wa ní oògùn ní Erúwà, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, á bi mí pé, “Ìyá, ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?” Èmi á ní, “Ó ti balẹ̀, a dúpẹ́.” “Ṣé ẹ̀ ń sùn?” “A dúpẹ́.” “Ilé ńkọ́?” “A dúpẹ́.” Á fi ẹ̀rín sí i, á ka oògùn fún mi, n óò sì máa lọ. Irọ́ ni mo pa? Rárá o. Ta ni wọ́n máa ń bi pé ṣé dáadáa ni, tí kì í dúpẹ́? Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, bí o bá kí i lójú ọ̀nà, á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kó tó ké pé iná.

Àmì wà, a kàn kà á sí nǹkan mìíràn ni. Lọ́dún kan, ejò bu ọkọ mi jẹ lóko. Àwọn tó gbé e wálé sáré wọ ọgbà wa, wọ́n ń ké orúkọ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo parí apá aṣọ tí mò ń rán kí n tó dìde. Mo gé òwú rẹ̀, mo ká a, mo gbé e sílẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, ejò náà kò fi oró sílẹ̀ púpọ̀, ara ọkọ mi yá. Ó wá di ohun tó ń fi mí yangàn ní ìjọ: “Ìgbàgbọ́ obìnrin yìí mà ga o! Èmi ń kú lọ, ìyàwó mi ń gé òwú!” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ìgbàgbọ́ tí àwọn náà ń wá nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ohun tí àwọn èèyàn mímọ́ ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rí, èmi ti rí i.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún títí ó fi kan ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀. Olùkọ́ bíi tirẹ̀ ló fẹ́ ẹ, ọmọ Tápà, ọmọlúàbí. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó ní àfi kí ọmọ òun sun ẹkún ìyàwó. Àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní ayé ti kọjá ìyẹn, pé orin ìjọ tó. Ìyá Àgbà ní, “Ẹ kọ orin yín, mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá sunkún jáde nílé, báwo ni ilé ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó jáde?” Inú Bọ́sẹ̀ gan-an dùn sí i. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn náà, á gbé e, ìyá á ní, “Rárá, o ń ka ìwé fún mi ni. Ẹkún ni mo ní kí o sun!” Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lé mi jáde nínú ìyẹ̀wù pé n kò gbọdọ̀ gbọ́ apá tèmi kó tó di ọjọ́ náà.

Ọjọ́ náà dé. Ilé kún. Ó kọ́kọ́ kí bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì bo ojú mọ́lẹ̀ bí ọmọdé. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di orúnkún mi mú, ó gbé ohùn náà, ohùn tí n kò mọ̀ pé ó wà lọ́fun rẹ̀:

“Màámi, ẹ kú ìnira, ẹ kú àìsùn,
Abẹ́rẹ́ yín ló rán mi dàgbà,
Òwú yín ló so mí mọ́ ayé.
Ẹ̀rọ yín ló ń jí mi láràárọ̀;
Bí mo bá délé ọkọ, kí ni yóò jí mi?
Ẹni tó mọ ìdí ẹkún mi láti ìkókó,
Ẹ sunkún díẹ̀ fún mi kí n mú un lọ.”

Ẹ gbà mí! Àwọn obìnrin tó wà nínú ilé sunkún débi pé àwọn kan jáde. Èmi wò ó. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sí èyí tó bọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dára. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni, mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹkún ló kàn. Mo wá ẹkún náà nínú ara mi bí èèyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, mo tú u dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló ń ṣọ́ ọbẹ̀, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó. Gbogbo ojú ti wà lára mi. Bọ́sẹ̀ dúró díẹ̀, ó tún ìlà tó kẹ́yìn gbé, “Ẹ sunkún díẹ̀ fún mi kí n mú un lọ.” Ó wá fi ohùn ara rẹ̀, ohùn ojoojúmọ́, bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Màámi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

Mo ní, “Mò ń gbọ́ ọ. A dúpẹ́.”

A dúpẹ́! Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi nìyẹn. Ìyá Àgbà lu itan rẹ̀: “Àmọ̀kẹ́! Òkúta ni wọ́n gbé sí ọ láyà ni?” Obìnrin kan lẹ́yìn sọ ọ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kéré tó, pé, “Ẹ bá wa bu àlùbọ́sà fún un.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọ mi, mo súre fún un, gbogbo ìre náà pé, wọ́n tò bí ìkéde tí wọ́n ń kà ní ìjọ. Nígbà tí mo ṣe àmín, mo rí ojú Bọ́sẹ̀. Kò sunkún mọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí àlejò wá ṣí i fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń rìn láàárín ìlú. Wọ́n ní ìyá tí kò lè sunkún ọmọ, ó ti mọ ohun tó fi ọmọ náà ṣe. Wọ́n ní wọ́n ti ń rí i, pé kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún ọkọ rẹ̀ náà nígbà ejò. Ìgbàgbọ́ àná ti di àjẹ́ òní! Bọ́sẹ̀ kò wá sílé mọ́. Nígbà tó bímọ, mo ti di ẹrù mi kí n lọ wẹ ọmọ fún un bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe, ọkọ rẹ̀ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, kò lè wò mí lójú. “Màmá, Bọ́sẹ̀ ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ìyá mi á wẹ ọmọ náà.” Ẹ̀yin ará mi, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù nígbà tí ojú mi là: kò dùn mí. Mo ní kó kí i. Mo tú ẹrù mi. Mo fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Bí mo ṣe lọ gba oògùn lẹ́yìn ìyẹn, dókítà tuntun ni mo bá ní Erúwà, obìnrin, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Lánlátẹ̀. Wọ́n ní ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tó ń gbé ìbànújẹ́ lọ máa ń gbé nǹkan mìíràn lọ mọ́ ọn, àti pé báwo ló ṣe pọ̀ tó. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ igi. Nígbà tó kàn mí, ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé inú yín máa ń dùn?” Mo ní a dúpẹ́. “Tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀, ṣé ó máa ń dùn yín?” Mo ní a dúpẹ́. “Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àárò wọn máa ń sọ yín?” Mo ní a dúpẹ́, dókítà. Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu iwájú orí.

“Ìyá mi, ẹ má bínú. N kò kí yín o. Mo ń bi yín ni.”

Mo gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, “Láti àárọ̀, gbogbo èèyàn tí mo bi ló ń dúpẹ́. Bí mo bá gbé ọpẹ́ yìí padà lọ, wọ́n á ní kò sí aláìsàn kankan ní gbogbo Ìbàràpá.” Ó wá yíjú sí obìnrin tó ń ta gààrí ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ó ní kó yá òun ní kọ́ńgò àti gààrí inú ọpọ́n kan. Ìyẹn ní, “Dókítà, ẹ má fi gààrí mi tọrẹ fún ilẹ̀ o!” Ó gbé e sáàárín wa. “Ẹ bá mi wọn ayọ̀ yín. Kí àìsàn tó dé, báwo ló ṣe kún tó?” Wíwọn gààrí kò ṣàjèjì sí mi. Mo bù ú kún kọ́ńgò, mo fi apá yí ẹnu rẹ̀ ká bí àwọn tó bá fẹ́ ṣoore fún oníbàárà ṣe máa ń ṣe, mo tún ń bù ú lé e títí ó fi yọ ṣóńṣó. “Nígbà àìsàn ńkọ́?” Mo da gbogbo rẹ̀ padà, mo dorí kọ́ńgò kodò. “Nísinsìnyí?” Mo bu ìwọ̀nba èyí tí ìka mẹ́ta lè mú. Kò bo ìsàlẹ̀. Ó ní kí n wọn ìbànújẹ́. Nígbà àìsàn, gààrí inú ọpọ́n kò tó. Nísinsìnyí, ìka mẹ́ta. Ìbínú, ìka mẹ́ta. Ìbẹ̀rù, ìka mẹ́ta. Àánú, bákan náà. Mo ń wo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, ẹ̀rù fẹ́ bà mí, kò rí ààyè bà mí.

Ó wá ní, “Ìfẹ́ ọmọ yín ńkọ́?” Ọwọ́ mi dúró sínú gààrí. Mo ní, “Dókítà, ó wà. Mo mọ̀ pé ó wà, bí mo ṣe mọ̀ pé odò wà lẹ́yìn igbó ọ̀hún. N kò kàn gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ ni.” Ohùn obìnrin náà rọ̀. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ọkàn líle, ìyá mi. Kì í sì í ṣe àlàáfíà. Oògùn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbànújẹ́ lè ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn yòókù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nígbà mìíràn sì rèé, ìyókù àìsàn náà ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún wa, àwa náà kò sì mọ bí a ṣe máa bi yín.”

Kì í ṣe àlàáfíà! Ohun tí mo fi jẹ́rìí níwájú ìjọ! Ohun tí àwọn obìnrin dì mọ́ mi lé lórí! Mo ní nígbà náà, n óò da oògùn yìí sí ṣáláńgá bí mo bá ti délé. Ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. “Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá já a lójijì, àìsàn náà lè padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jẹ́ ká rọra dín in kù, ká sì wo òmíràn.” Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. A dín in, a dúró, a wò ó, a tún dín in, a wá pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbínú ló kọ́kọ́ padà. Oníbàárà kan wá sọ fún mi pé aṣọ tí mo rán fún ọmọ òun wọ́, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ọkọ mi sáré wọlé, ọbẹ̀ ìlasà ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. “Ìyá Bọ́sẹ̀! Ìwọ lo pariwo yẹn?” Mo ní èmi ni. Ọkùnrin náà jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, “Tún un ṣe kí n gbọ́.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹkún dé. Orí ọ̀kadà ló bá mi, mò ń ti Erúwà bọ̀, epo wọ́n lásìkò náà, mọ́tò kò sí. N kò ro nǹkan kan. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, ni ohùn Bọ́sẹ̀ bá sọ sí mi létí: *Abẹ́rẹ́ yín ló rán mi dàgbà.* Igbe tó jáde lẹ́nu mi, ọlọ́kadà fẹ́ wọ igbó. Ó tẹ bíréèkì. “Màmá! Ṣé sáléńsà ló jó yín lẹ́sẹ̀?” Mo ní kò jó mi. “Kí ló wá dé?” Mo ní, “Ọmọ mi ló ń lọ sílé ọkọ.” Ó ní, “Lónìí?” Mo ní ó ti pẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi ọ̀kadà rẹ̀ sún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Màmá, ẹ̀ bá ti sọ fún mi kí n tó gbé yín.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà ní ibùdókọ̀, mò ń lọ sí Tápà. Mo fẹ́ gbé ẹkún náà lọ fún un nígbà tó ṣì gbóná. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti padà sílé tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ilé-ìwé. Aṣọ ọmọ tí wọ́n rẹ ti ń rùn nínú báàfù. Mo kúnlẹ̀, èmi ìyá, mo ń sunkún, mo sì rò ó fún un láti orí oògùn dé orí kọ́ńgò, mi ò fi iyọ̀ ọbẹ̀ pa mọ́. Mo rò pé á sunkún, tàbí á bínú, tàbí á lé mi. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn, Màámi.”

Mo nu ojú mi, mo wò ó. “Bọ́sẹ̀, ṣé àlàáfíà ni?”

“A dúpẹ́.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“A dúpẹ́.”

“Ṣé ò ń sùn?”

“A dúpẹ́, Màámi.”

Mo mọ ohùn yẹn. Ọmọ mi kò wò mí. Kànga ẹ̀yìn ilé wọn ló ń wò, ìdérí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní, “Bọ́sẹ̀, n kò kí ọ o. Mo ń bi ọ́ ni.” Ó yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọmọ-ọmọ mi mọ́ra nìyẹn, òórùn orí rẹ̀ kọ lù mí, ayọ̀ ń yọ ṣóńṣó lórí kọ́ńgò mi, ìyá rẹ̀ sì ń rì lọ lójú mi. Ó ní oorun ti sá fún òun láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọmọ náà jáde. Ó ní oúnjẹ dà bí iyanrìn.

Mo ní dìde, ká máa lọ sí Erúwà. Ó mi orí. “Kí n lọ gba ohun tó sọ yín di òkúta? Kí ọmọ tèmi náà kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ kan, kí n máa ro iyọ̀ ọbẹ̀? Màámi, kí n kúkú máa sunkún.” Ẹnu mi ni mo fi rò ó fún un. Mo dúró títí ọkọ rẹ̀ fi dé, mo rí i pé ó fi àgádágodo ti kànga náà kí n tó kúrò, ó sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ padà kó wá bá wọn gbé. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kí n má wá mọ́. Ó ní kí n kí Bàbá. Ó ní a dúpẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. N óò padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà wọn, bó fẹ́ bí ó kọ̀, dókítà náà sì ti ní òun á yà lọ́dọ̀ wọn bí mo bá lè jẹ́ kó gbà kí òun jókòó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ mi kó lè gbọ́, pé oògùn tó jí ẹkún mi gbé náà ló dá ẹ̀mí mi sí, pé bí òṣùwọ̀n bá wà, tí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò sì purọ́, wọ́n lè dá wa dúró kó tó dé ìsàlẹ̀ kọ́ńgò? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ pé kí ojú rẹ̀ gbẹ lójú mi títí n óò fi kú, ó tẹ́ mi lọ́rùn, ju kí n máa sunkún rẹ̀ lọ? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó lè wọ ọmọ létí, kó fún mi. Ẹ̀yin náà, bí ẹni yín bá ń dá yín lóhùn pé a dúpẹ́, ẹ tún un bi, ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Ẹ má sì fi “ẹ ní sùúrù”, “ẹ kú ìrọ́jú”, “Ọlọ́run á ṣe é” dá mi lóhùn. Mo mọ̀ wọ́n, mo sì ń sọ wọ́n fún ẹlòmíràn. N kò kí yín o. Mo ń bi yín ni.